Owú Ìyá Fọláyan

Bí ẹnìkan bá sọ fún Mofìyìnfólúwa nígbà tó wà ní ọmọge pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò máa jowú ọkọ ara rẹ̀, ohun tí yóò rò ni pé obìnrin mìíràn ló fẹ́ wọlé. Kò sí obìnrin mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ló fà á, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ lóyún, tó rọbí rẹ̀, tó sì bí.

Àbújá ni wọ́n ti tọ́ Fìyìn dàgbà. Ará Èkìtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni wọ́n. Nígbà tó ń kàwé ní Gwagwalada, ó pàdé Japheth, ọmọ Okun láti apá Kàbbà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n jọ wà. Ìdí nìyẹn tí Fìyìn fi ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ títí dòní, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń fajú ro sí i.

Fìyìn wọ iṣẹ́ ìjọba bíi ti àwọn òbí rẹ̀. Japheth rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan, ṣùgbọ́n oyún wà nínú Fìyìn nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ọmọ dé, obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Fọláyan. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ ń parí lọ, wọ́n wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ, wọn ò rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Japheth ní, "Kí la tilẹ̀ ń wá kiri? Èmi ṣáà ń bẹ nílé."

Fìyìn gbà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́. Nyanya ni wọ́n ń gbé, ó sì ní láti tètè wọ bọ́ọ̀sì kí ọ̀nà ìlú tó dí. Nígbà tó bá ń jáde, ọmọ ṣì ń sùn. Nígbà tó bá fi máa padà, ọmọ ti wẹ̀, ó ti yó, oorun ti ń kùn ún. Bí ìyá àti ọmọ ṣe ń rí ara wọn nìyẹn, bí ẹni tó ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Eyín ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Fìyìn wà nídìí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì nígbà tí fóònù dún.

"Fìyìn! Eyín ti yọ!"

"Eyín ta ni?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Ìsàlẹ̀ ló ti yọ o, a dúpẹ́. Mo ń fún un lógì ni mo gbọ́ tí ṣíbí dún kó!"

Rosemary, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí ti Fìyìn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí Olúwa jẹ́ kó fi eyín náà jẹun pẹ́. Fìyìn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbóná láyà rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbé omi gbígbóná mì láìmọ̀. Ṣíbí dún kó! Òun ni ìbá gbọ́ ìró yẹn. Nígbà tó délé, ọmọ ti sùn, ó sì ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fọwọ́ kan eyín náà. Ọmọ ta jí, ó figbe ta. Fìyìn rẹ̀ ẹ́, rẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Japheth wọlé, ó gbé e sáyà, ẹkún sì dá wáí.

Fìyìn kò jẹun. Ó ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ jókòó, Japheth fi fídíò ránṣẹ́. Ọmọ rákòró, fídíò tún dé. Nígbà tó yá, Fìyìn kì í tètè ṣí wọn mọ́. Á dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì títí ọwọ́ á fi dilẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ wò ó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ojú rẹ̀. Ohun tó máa ń wò nínú fídíò kì í ṣe ọmọ nìkan. Ó máa ń tẹ́tí sí ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan tó dára ń ṣojú rẹ̀.

Japheth máa ń kí ọmọ ní òwúrọ̀ bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú wọn. "Ọ̀kún o, ọmọ mi. Ọ̀kún o." Ọmọ á sì mira tìtì, á kó ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Lọ́jọ́ Sátidé kan Fìyìn tètè jí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ, ó ní, "Ọ̀kún o." Ọmọ wò ó, ó sì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ́kọ́ sọ, "Bàbá" ni. Ènìyàn kì í bá ọmọ ṣe ẹjọ́ irú èyí. Ṣùgbọ́n Fìyìn gbé e jókòó sórí itan, ó ń sọ fún un pé, "Pe Mọ́mì. Mọ́ọ̀-mì." Ọmọ di imú rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Fìyìn kọjú sí ògiri sùn.

Ó wá di ẹni tó ń wá ẹ̀sùn. Ta ló di irun ọmọ báyìí? Kí ló dé tí o fi wọ súwẹ́tà fún un nínú ooru? Báyìí kọ́ ni wọ́n ń pọn ọmọ! Japheth á ní, "Ó dáa, fi bó ṣe yẹ hàn mí," ìdáhùn tútù yẹn á sì túbọ̀ bí i nínú. Ó mọ̀ pé ọmọ ń dára lọ́wọ́ ọkọ òun. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Bí ìyàwó kékeré ṣe máa ń wo ìyálé tó mọ gbogbo ohun tí ọkọ fẹ́ràn láti jẹ ni Fìyìn ń wo bàbá ọmọ rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún Rosemary lọ́jọ́ kan. "Ó dà bíi pé òun ni ìyá, èmi ni bàbá."

Rosemary bú sẹ́rìn-ín. "O ń jowú!"

"Èmi kọ́. Jowú kí ni?"

"Wo ojú rẹ. Àwọn ọkọ mìíràn kò mọ ibi tí ìlédìí wà, ìwọ wá ń jowú."

Fìyìn kò tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ lé ní ọdún kan, kò rìn. Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń jẹ́ Fọláyan kò mà yan. Fìyìn ń gbàdúrà pé kó rìn, ó sì ń fi àdúrà mìíràn tì í nídìí jẹ́jẹ́, pé kó má rìn lọ́jọ́ iṣẹ́.

Àdúrà gbà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni. Japheth ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, Fìyìn jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń ká aṣọ. Ọmọ di àga mú. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ àga sílẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì ń bọ̀, gbágẹ́-gbàgẹ̀, ikùn níwájú, títí ó fi ṣubú lé aṣọ lórí itan ìyá rẹ̀.

Igbe tí Fìyìn ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Japheth sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ó rìn! Japheth, ó rìn! Ọ̀dọ̀ mi ló rìn wá! Ìwọ ò sí níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Japheth nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "A dúpẹ́ o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Lọ́jọ́ kejì, Fìyìn bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní, "Gbogbo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí, ìròyìn ni mo máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n lánàá, Olúwa ní, Fìyìn, wá fi ojú ara rẹ rí i!" Ìjọ hó yèè. Ó kọrin, ó jó padà sí ìjókòó rẹ̀. Japheth gbé ọmọ sórí itan, ó tẹ orí ba, ó ń tún okùn bàtà ọmọ tí kò tú so.

Balkis, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Toheeb, ni aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì ilé wọn, ọmọ Ìlọrin ni. Ó jókòó níta nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Ẹ káàbọ̀ o, Mọ́mì Fọlá. Ẹ kú ìsìn o."

"Ìyá Toheeb, ẹ bá mi yọ̀! Fọláyan ti ń rìn!"

"Àlùhámúdùlíláì! Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni? Láti àárín ọ̀sẹ̀ ló ti ń rìn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Lánàá òde yìí ló tú gbogbo òwú mi kalẹ̀..."

Ó ti rí Japheth tó ń mi orí sí i lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Fìyìn yíjú, òun náà rí i.

Ó ṣáájú wọn wọlé. Ó bọ́ gèlè, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"O wá jẹ́ kí n lọ dúró níwájú ìjọ."

"Inú rẹ ń dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá ọ dúró."

"Ta ló rìn lọ bá?"

"Fìyìn..."

"Mo ní ta ló kọ́kọ́ rìn lọ bá?"

"Èmi."

Fìyìn rín ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Àjẹkù lo bù fún mi. O jẹ ẹran tán, o gbé egungun fún mi, o wá jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lórí rẹ̀."

"Ọjọ́ tí eyín yọ, o ò jẹun," ni Japheth wí. "Ṣé o rò pé mi ò rí i ni? Ọjọ́ tó pe 'Bàbá', ẹ̀yìn lo kọ sí mi mọ́jú. Ni mo bá ní èyí tó bá kù, màá fi sílẹ̀ fún ọ."

"Èwo ni èyí tó kù?" Ohùn Fìyìn lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ tó juwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀ ńkọ́?"

Japheth tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Ìgbà tó pàtẹ́wọ́?"

Ó tẹ̀ ba, ó ń tú okùn bàtà ọmọ.

Fìyìn jókòó. Ìwọ̀nba ohun kékeré tó kó jọ fúnra rẹ̀, tó ń kà sí tirẹ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn mọ́. Ó dà bíi pé ọkọ rẹ̀ ti wọ inú àpótí rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ kan gbogbo nǹkan ibẹ̀ kí òun tó dé.

Ìgbà yẹn ni Japheth, tí kì í gbóhùn sókè, gbóhùn sókè. "Ìwọ nìkan kọ́ lò ń jowú nínú ilé yìí! Ní àràárọ̀ lo máa ń múra jáde. Àwọn ènìyàn ń pè ọ́ ní màdáámù. Èmi, bí mo bá pọn ọmọ kọjá lójú títì, àwọn ọkùnrin á bi mí pé ìgbà wo ni màá ríṣẹ́. Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ ilé kan ní Gwagwalada, mo ní mi ò lè wá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Nítorí o máa ní kí n lọ. Mi ò sì fẹ́ lọ. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ tó bá rìn." Ó nu ojú. "Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí o ò ní nìyẹn, Fìyìn. Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí."

Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ń rìn láàárín wọn, ó ń di ìdí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Fìyìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Pè wọ́n padà. Sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Èmi á gba ìsinmi ọdún mi, èmi á dúró tì í."

Báyìí ni Japheth ṣe kó aṣọ sínú báàgì, tó lọ sí Gwagwalada, tí ilé sì ṣẹ́ku ìyá àti ọmọ.

Fìyìn ti rò pé kété tí ọkọ òun bá ti jáde, ààyè á ṣí sílẹ̀ fún òun. Ọmọ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá?" Ó rìn lọ sí kíṣìnnì. "Bàbá?" Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo inú rẹ̀. Ó kọ ògì, ó kọ ẹyin, ó fi ọwọ́ gbá ṣíbí dànù. Fìyìn kò pe Japheth. Ó gbà pé bí òun bá pè é, òun ti jẹ̀bi nìyẹn. Ó gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ Balkis, ojú sì ń tì í.

Balkis ní, "Bàbá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fi ṣíbí kan ètè ara rẹ̀ ni. Á ní, 'Ó gbóná o!' Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á yanu."

Fìyìn ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó yanu. Ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì rí rogodo. Fìyìn ń wò ó, inú rẹ̀ dùn, owú sì tún ń jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rín yẹn, Japheth ló ni ín. Ó tilẹ̀ ń jowú Balkis tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó mọ ìgbà tí ọmọ ń sùn lọ́sàn-án àti etí tó máa ń fà kí oorun tó gbé e. Ó mọ̀ pé tó bá rí adìẹ, á tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á pariwo "Kai!" bíi ti àwọn mọlá Hausa tó ń ti bárò omi kọjá. Fìyìn ò mọ̀ pé ọmọ òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ń lé adìẹ kan kiri ọgbà, ó kọsẹ̀, ó fi ẹnu lulẹ̀. Balkis ló sún mọ́ ọn jù, ó fò dìde, ó na ọwọ́. Ọmọ dìde fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀, ó ya Balkis sílẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ Fìyìn, ẹkún gba ẹnu rẹ̀ kan.

"Bàbá! Bàbá!"

Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Fìyìn gbé e.

Balkis rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ó ń pè yín ní bàbá!"

Fìyìn lanu láti sọ pé Mọ́mì ni, ó sì pa ẹnu dé. Ó wá yé e pé kì í ṣe orúkọ Japheth ni ọmọ ń pè láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó ń gbé e dìde ló ń pè. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ó dùn ún, ó sì dùn mọ́ ọn, kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mu omi, tó dojú ife dé, tó wo inú rẹ̀, tó ní, "Omi tán."

Ọ̀rọ̀ méjì tó so pọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Fìyìn wò yíká bí ẹni tó rí góòlù he.

Fóònù dún. Japheth ni.

"Báwo ni? Kí ló ṣe lónìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Fìyìn wí. "Ó jẹun, ó sùn."

"Kò ṣe nǹkan kan rárá?"

Fìyìn mọ ohùn yẹn. Ohùn tirẹ̀ ni, tó máa ń ti ọ́fíìsì pè. Ó yẹ kó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹran tí ènìyàn jí jẹ, ó sì dùn. Ó gbé e mì. "Rárá," ló wí.

Ọ̀sán ni Japheth padà dé, ó dúdú, ó rù, iṣẹ́ sì hàn lójú rẹ̀. Ọmọ sáré kọjá lára ìyá rẹ̀ lọ bá a. Fìyìn kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi kí ara wọn tán. Kò pẹ́, ó gbọ́ igbe láti pálọ̀.

"Fìyìn! Wá gbọ́! Ó ní 'Omi tán'! Ó so ọ̀rọ̀ pọ̀!"

Fìyìn jáde sí pálọ̀, ó ya ẹnu. "Háà! Ṣé lóòótọ́?"

Japheth wò ó. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

"O ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

Fìyìn kò lè purọ́ mọ́. "Mo ti gbọ́ ọ."

Japheth jókòó sórí àga, ife ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dùn mí," ló wí.

"Mo mọ̀."

Fìyìn jókòó tì í. Japheth ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Fìyìn tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín tó tán owú. Wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú níbẹ̀ pé ẹni tó bá rí nǹkan, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó rí i, kí ẹnìkejì sì bínú tó bá fẹ́ bínú.

Àwọn ará Gwagwalada ní iṣẹ́ Japheth wu àwọn, wọ́n ní kó máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ìsinmi Fìyìn parí. Balkis ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá jáde, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n pàdé ní ibùdókọ̀, wọ́n jọ rìn wálé. Balkis ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò bá wà níbí lónìí! Alhaji kan wá gba aṣọ rẹ̀, Fọláyan jáde sí i, ó fi Hausa kí i, ó ní, 'Sànnu!' Alhaji ní, 'Yauwa, sànnu, ọmọ mi!' Ó tún wá gbé téèpù mi kọ́rùn, ó ń wọn Alhaji lẹ́sẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọlọ́run, ẹ ò rí nǹkan kan..."

Fìyìn wo Japheth. Japheth wo Fìyìn. Ojú àwọn méjèèjì le bákan náà. Japheth di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mú, Fìyìn di tòsì mú.

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Toheeb," ni Fìyìn wí. Wọn ò dúró gbọ́ ìyókù.